Adèle Tó Ń Fi Kámẹ́rà Ṣọ́ Kíláàsì

Bí ẹ bá wọ ilé ìjọsìn wa ní Niangon ní Abidjan lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Adèle máa ń jókòó sí. Kì í ṣe pé ó máa ń pẹ́ dé o. Nígbà mìíràn òun ló ń bá wa gbá ilẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn ibi tí yóò ti máa rí gbogbo èèyàn tí ẹnikẹ́ni kò ní máa rí òun. Èmi tí wọ́n fi ṣe ìyá àwọn obìnrin ìjọ ti bá a wí títí: "Adèle, àbí ojú Ọlọ́run kò dé iwájú ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Maman, ẹ jẹ́ n wà níbí."

Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mo bi í léèrè. Ó ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n má fi ṣúgà sí i. Mi ò ní fi ṣúgà sí i. Dókítà ti gba ṣúgà lọ́wọ́ mi.

Nàgó ni Adèle, Yorùbá bíi tiwa, tí àwọn mìíràn ń pè ní Anàgó. Kétu ni ìran wọn ti wá, ní ilẹ̀ Benin tí wọ́n ń pè ní Dahomey nígbà àwọn bàbá wa. Akọ̀wé ni bàbá bàbá rẹ̀ lábẹ́ àwọn òyìnbó Faransé ní Abidjan níbí, ọkùnrin oníṣòkòtò funfun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní 1958, àwọn ọmọ onílẹ̀ dìde sí àwọn ará Dahomey, wọ́n ní wọ́n ti gba gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì tán. Wọ́n fọ́ ilé bàbá náà, wọ́n sì kó òun àti ìdílé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi bí ìgbà tí èèyàn ń dá ọjà tí kò tà padà. Nígbà tí ìlú rọ̀, bàbá Adèle padà wá, àmọ́ òfin kan wà nílé rẹ̀. Nínú ilé, ẹ máa kúnlẹ̀ kí màmá yín. Tí ẹ bá ti kọjá ẹnu géètì, bonjour ni. Bí Adèle ṣe dàgbà nìyẹn. Ó gbọ́ Yorùbá dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò yá sí i, bí ẹsẹ̀ ẹni tí bàtà ti há fún tipẹ́.

Ó fẹ́ ọmọ Ebrié kan, Jérôme, onílẹ̀ gidi, tí ilé bàbá rẹ̀ ti wà létí ọ̀sà yìí kí ẹnikẹ́ni tó dá Abidjan sílẹ̀. Orúkọ ọkọ bo orúkọ bàbá mọ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílùú, ta ni àlejò, gbóná ní ilẹ̀ yìí, tí àwọn ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró tí wọ́n ń wo ojú kí wọ́n tó wo ìwé, orúkọ yẹn wúlò fún un. Mi ò bá a wí. Wọ́n ti sọ èmi kalẹ̀ nínú ọkọ̀ gbàkà rí nítorí ìlà tó wà lójú mi, ìlà tí wọn kò bi mí kí wọ́n tó kọ. Mo mọ iṣẹ́ tí orúkọ rere ń ṣe.

Yunifásítì àdáni kan ní Cocody ló gbà á síṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ọmọ yín ń lọ. Àwọn tó ni ilé ìwé náà ní àwọn olùkọ́ ń ta máàkì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fọwọ́ sí ìwé fún ọ̀rẹ́ tó wà lórí ibùsùn. Wọ́n bá ra ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé báàjì kọ́ ọrùn, á fi kan ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà, ògiri á dún, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ pé lágbájá ti wọlé. Tí o bá jókòó ní yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n mọ ohun tí ò ń kà, wọ́n sì mọ bó ṣe pẹ́ tó kí o tó ṣí ojú ìwé kejì. Ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà kan wà lókè, ó yọ ojú bí alángbá. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n gbà ṣe, wọn kò gba àánú rẹ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ Adèle ni kó jókòó nínú yàrá tútù kan, kó máa wo àwòrán gbogbo kíláàsì lójú àwọn gíláàsì kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí ọwọ́ olùkọ́, yàtọ̀ sí ìwé iṣẹ́, kó gé àwòrán rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà directeur, ọ̀gá ilé ìwé náà. Kámẹ́rà náà ní ojú, kò ní etí. Ẹnu ń mì, ohùn kò sí.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó máa ń sọ fún wa lẹ́yìn ìsìn, tí a bá ń jẹ búrẹ́dì, nípa olùkọ́ kan tó máa ń kọ́ àga òfìfo lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ òjò nítorí ó mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun. Á kọ ọ́ sójú pátákó, á yíjú padà, á bi àga ní ìbéèrè, á sì dúró de ìdáhùn. A rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wa. Ó tún ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ igun tí ojú kámẹ́rà kò dé, ibẹ̀ ni wọ́n ń há mọ́ bí adìyẹ tí òjò ń lé.

Mùkàrámà kò sí lára àwọn tó ń há mọ́ igun. Ọmọbìnrin Sàdíátù ni, obìnrin ará Èjìgbò kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Treichville. Bàbá ọmọ náà ti kú. Òfin ni Mùkàrámà ń kọ́, ó fẹ́ di lọ́yà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé ló ṣe gbé e wá sí ilé ìwé: tó bá rí olùkọ́, á kúnlẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò sí olùkọ́ tí kì í kúnlẹ̀ kí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní gaou, ìyẹn ará oko lẹ́nu àwọn ọmọ Abidjan. Olùkọ́ obìnrin kan tiẹ̀ ní, "Mademoiselle, ẹ dìde, ibí kì í ṣe mọ́ṣáláṣí." Ọmọ náà bá dẹ́kun. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dẹ́kun fún, Monsieur Valéry, bàbá arúgbó kan tí orí rẹ̀ ti funfun, ọmọ Abengourou. Òun máa ń rẹ́rìn-ín ni, á ní, "Lève-toi, ma fille," dìde, ọmọ mi. Àmọ́ nítorí àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Mùkàrámà á dúró kí gbogbo wọn jáde tán kó tó kí bàbá náà.

Adèle rí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí i lójú gíláàsì, ó ní orúnkún òun ló kọ́kọ́ dá a mọ̀ kí ojú òun tó mọ̀ ọ́n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan kan kò kúkú ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, kò sí ohun tó fẹ́ gé. Ó wá di pé ó ń retí rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ilé gàgàrà yẹn, ìkíni kan ṣoṣo tó jọ ìkíni nìyẹn.

Ní 2010, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí bàbá Mùkàrámà kú sì yí po. Sàdíátù ṣe sàráà. Ó dín wàìnà àti àkàrà, ó kó dàbínù àti ṣúgà oníhóró sí i, ó pín in fún àwọn ará àdúgbò, ó wá di ìyókù sínú ọ̀rá dúdú fún ọmọ rẹ̀.

"Mú èyí lọ fún olùkọ́ rẹ tó máa ń dá ọ lóhùn yẹn. Kó bá wa ṣàdúrà fún bàbá rẹ."

"Màámi, ilé ìwé mà ni."

"Wọn kì í jẹun nílé ìwé ni? Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi fún un o. Má lọ nàró tì í bí ẹni ń bá ọlọ́jà dúnàá dúrà."

Ohun tí Adèle rí lójú gíláàsì nìyí. Kíláàsì ṣófo. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀rá dúdú sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà ti ọ̀rá bọ inú àpò rẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó sì di ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Adèle náà mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé sàráà ni, ó mọ̀ pé àdúrà ni, ó tiẹ̀ mọ̀ pé àkàrà wà níbẹ̀, nítorí epo ń dán lára ọ̀rá. Àmọ́ nǹkan ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ó ronú pé tí òun kò bá gé e, tí ẹlòmíràn bá lọ rí i nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á bi òun pé kí ló dé. Ó gé e. Ó fi ránṣẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n á kàn béèrè, ọmọ náà á ṣàlàyé, ó parí.

Ọmọ náà ṣàlàyé. Bàbá náà ṣàlàyé. Kò sí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́. Ta ló ń fún olùkọ́ ní ọ̀rá dúdú lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, tó sì jẹ́ pé ó dúró kí gbogbo èèyàn jáde kó tó ṣe é? Wọ́n ní kí Monsieur Valéry lọ máa jókòó sílé. Wọ́n pa báàjì Mùkàrámà, ó bá di pé tó bá fi kan ògiri, ògiri kì í dún. Wọ́n dá ọjọ́ fún ìgbìmọ̀ ìbáwí. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á lé e, òfin tó ti ń kọ́ bọ̀ láti ọjọ́ yìí dòfo, bàbá arúgbó náà á sì kó orí funfun rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀.

Directeur wá pe Adèle sí ọ́fíìsì. Judith, akọ̀wé rẹ̀, wà níbẹ̀, ó na ọrùn sí àwòrán náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń bẹ̀ ẹ́ ni, àbí ó ń sìn ín?" Judith ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Directeur kò rẹ́rìn-ín. "Madame Adèle, ẹ̀yin lẹ máa ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ṣé ó ti kúnlẹ̀ fún un rí?"

"Ó ti kúnlẹ̀ rí, monsieur."

"Ọmọ náà ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn nìyẹn. Èmi ò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Ṣé ẹ̀yin ti gbọ́ nípa ẹ̀yà tó ń kí èèyàn báyìí rí?"

Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀.

Adèle ní, "Rárá, monsieur. Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Anàgó mà ni wọ́n," Judith dáhùn. "Àwọn yẹn! Wọ́n á kúnlẹ̀ títí wọ́n á fi ra ilé ọba mọ́ ọba lọ́wọ́."

Adèle bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ ibẹ̀ yẹn fún mi, ó fi etí ìró bo ojú.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Sàdíátù wá fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ń fi èdè Dioula nájà bí ẹni ń kọrin ni, Faransé ọjà kò sì wọ́n ọn. Àmọ́ ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ọjà. Ìbẹ̀rù kó gbogbo Faransé rẹ̀ lọ. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́, ó ń yí orí kiri.

"Ẹ dákun, ṣé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbí ni? Ẹ̀yin ọmọ èèyàn, ẹ gbà mí. Ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan. Sàráà bàbá rẹ̀ ni."

Adèle ń ti ibi tó ti lọ fọwọ́ bọ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìyá náà rí nǹkan kan lójú rẹ̀, mi ò mọ ohun tó rí, bóyá àwọn ìyá kàn máa ń mọ ojú tó gbọ́ èdè wọn. Ó sáré bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ dákun. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Adèle fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó mú fóònù jáde, ó fi sétí, ó ní, "Allô? Allô?" ó sì ń rìn lọ. Fóònù náà kò tilẹ̀ wà ní títàn.

Ibi tí mo ti gbọ́ gbogbo èyí ni ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, lọ́jọ́ Àìkú tí a jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Èmi àti òun là ń fọ àwọn ife wẹ́wẹ́ náà.

"Maman, tí èèyàn bá gbọ́ ẹkún, tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ta ló ń sunkún?"

Ó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọlọ́run mọ̀ pé ìwàásù kì í wọ́n mi lẹ́nu, àwọn ọmọ mi lè jẹ́rìí. Gbogbo wọn ló jìnnà sílé. Mo ti múra èyí tó gùn jù nínú àwọn ìwàásù mi sílẹ̀. Mo bá wo ọwọ́ Adèle nínú omi ọṣẹ. Ó ń kó ife tó ti fọ̀ tán padà sínú rẹ̀. Ìwàásù náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

"Yàtọ̀ sí ọ," mo ní, "ta ló tún lè sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n gbà?"

"Kò sí."

"Ó tán nìyẹn."

"Maman, wọ́n á mọ̀ pé Nàgó ni mí."

"Kí lo wá jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ìdìbò ń bọ̀. Ẹ mọ bí ìlú yìí ṣe máa ń rí tí ìdìbò bá ń bọ̀. Mo ní ọmọ."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí wọ́n kó bàbá bàbá rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kò níláti wá kọ́ ìbẹ̀rù lọ́dọ̀ mi. Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Mo mọ̀. Lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù náà. Kò sẹ́ni tó ní kí o fi í sílé."

Ó lọ. Ní ọjọ́ ìgbìmọ̀, wọ́n ti tan àwòrán náà sára ògiri, ó tóbi bí aṣọ ìbòjú fèrèsé, gbogbo wọn ń wò ó. Monsieur Valéry jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Mùkàrámà jókòó ti ìyá rẹ̀. Adèle, tí wọ́n pè kó wá sọ bí ẹ̀rọ ṣe gba àwòrán náà, dìde dúró. Ó sọ ti ẹ̀rọ tán, kò jókòó.

"Nǹkan kan ṣì kù," ó ní. "Sàráà ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Oúnjẹ tí wọ́n ń pín nítorí òkú. Bàbá yìí gbàdúrà fún un ni. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ni ọmọ yìí ṣe kí i, bí mo ṣe ń kí ìyá mi nìyẹn. Àwọn tí mo ní mi ò mọ̀ yẹn, àwa ni."

Directeur yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ mọ èyí, madame?"

"Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i."

"Nígbà tí mo bi yín ńkọ́?"

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ti ń wo gbogbo èèyàn láti inú yàrá tútù, gbogbo èèyàn wá ń wò ó. Ó ní kì í ṣe ojú directeur ló dun òun jù, ojú ọmọ yẹn ni. Mùkàrámà kò bínú. Ó kàn ń wo Adèle bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kó bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní èdè wọn kí àwọn rí i. Adèle la ẹnu. Yorùbá tó jáde kò dàgbà ju ọmọ kékeré lọ, Yorùbá inú ilé tí kò tíì jáde géètì rí.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Ọmọ yín ò ṣe nǹkan burúkú. Mo ti sọ fún wọn."

Sàdíátù gbé orí sókè. "O gbọ́ Yorùbá?"

"Ẹ̀n, Màmá."

"Lọ́jọ́ tí mo di ọwọ́ rẹ mú. O gbọ́ mi?"

Directeur ní, "Kí ló sọ?"

Iṣẹ́ ògbufọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn, kó gbé ìtìjú ara rẹ̀ sí Faransé fún ìgbìmọ̀ gbọ́. Ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó ń bi mí bóyá mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀." Ó wá fi tirẹ̀ lé e: "Mo gbọ́ ọ."

Wọ́n dá bàbá arúgbó náà láre, wọ́n sì ní kí Mùkàrámà wá ṣe ìdánwò rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un kó má kúnlẹ̀ mọ́ nínú ọgbà ilé ìwé, nítorí ó ń da àwọn tó ń ṣọ́ kámẹ́rà láàmú.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo ní mi ò ní fi ṣúgà sí i. Adèle lọ kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó mọ̀ pé wọ́n á lé òun. Directeur ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rín ló fi pàdé rẹ̀.

"Madame, ẹ ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àwòrán nìkan kò tó. A nílò ẹni tó mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Láti òní lọ, bí ẹ bá ṣe ń wò wọ́n, ẹ máa fi àmì sí àwọn tó jẹ́ Anàgó, àwọn tó jẹ́ Mossi, àwọn ará Guinée. Kí a má baà ṣì wọ́n lóye mọ́."

"Fún ire wọn ni," Judith ní, ó sì pàtẹ́wọ́.

Adèle padà síwájú gíláàsì. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan wà tí kì í wo olùkọ́ lójú tí wọ́n bá ń bá a wí. Òmíràn kò jẹ́ fi ọwọ́ òsì gba ìwé. Òmíràn máa ń yà fún àgbà lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ̀ díẹ̀, kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Gbogbo ìwà tí ilé kọ́ wọn, tí wọ́n rò pé àwọn ti fi pamọ́, ló ń hàn sí i kedere, nítorí òun náà ti fi tirẹ̀ pamọ́ bẹ́ẹ̀.

"Maman," ó ní fún mi, "mo fi àmì sí ẹnì kan. Ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀. Mo wo àmì náà. Mo pa á rẹ́, mo dìde."

Ó fi báàjì rẹ̀ sórí àga, kò sì padà lọ. Ní báyìí, ọmọ àwọn ará àdúgbò ló ń bá wọn tọ́jú ní Niangon tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́. Jérôme kò bá a jà. Ó kàn bi í pé ṣé orúkọ òun kò tó o lò mọ́ ni. Ìyẹn náà dùn ún.

Lẹ́yìn ìdánwò, ó ní òun fẹ́ lọ bẹ Sàdíátù, kí n sin òun lọ. A wọ gbàkà lọ sí Treichville. A bá obìnrin náà láàárín ìkòkò, ó ń fi aṣọ nu abọ́ onírin, Mùkàrámà ń to àwọn ìdérí.

Sàdíátù rí wa. "Ẹ wò ó, ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń dún nígbà gbogbo ti dé. Ṣé o gbé e wá?"

"Ìyá Mùkàrámà, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ ṣe sùúrù fún un. Ẹ̀bẹ̀ ló bá wá."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni, Màmá. Ẹ jókòó." Ó fa àpótí méjì jáde, ó fún wa lómi. Nígbà tí Adèle fẹ́ kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ó di apá rẹ̀ mú. "Má ṣe é. Jókòó kí o sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló wọ́n ọ lọ́jọ́ yẹn."

Adèle sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ ń já, ó ń fi Faransé so ó. Ó ní ẹ̀rù ba òun. Ó ní kì í ṣe àwáwí. Sàdíátù gbọ́ ọ tán, ó ń nu abọ́ kan ṣoṣo láti ìgbà náà.

"Mo ti dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run," ó ní, "nítorí o sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ náà. Ti Ọlọ́run nìyẹn. Ti èmi ṣì kù, yóò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Mo fẹ́ ṣe àmín. Mùkàrámà ló bá fi ìdérí sílẹ̀.

"Àǹtí, àwòrán yẹn. Wọ́n ti pa á rẹ́?"

Mo wo Adèle. Mo gbàdúrà nínú mi pé kó ní wọ́n ti pa á rẹ́. Mo gbà á, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí mi nínú ìjọ, irọ́ ni mo gbàdúrà fún.

"Rárá," Adèle ní. "Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ohun tó bá ti wọ ẹ̀rọ náà, wọn kì í pa á rẹ́. Judith ti fi ránṣẹ́ sí fóònù àwọn kan pẹ̀lú."

"Tí mo bá wá di lọ́yà, ó ṣì máa wà níbẹ̀."

"Ó máa wà níbẹ̀."

"Ẹni tó bá rí i kò ní gbọ́ ohun tí mo ń sọ."

"Kò ní gbọ́."

Ọmọ náà mi orí. Ó gbé ìdérí mìíràn, ó ń wá ìkòkò tó bá a mu, kò rí i. Sàdíátù gba ìdérí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan dúró, ó ń béèrè iye abọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

A dìde. Sàdíátù ní, "Ẹ rìn dáadáa, Màmá." Èmi nìkan ló kí. Kò sì sìn wá jáde, kódà kò sìn wá dé ibi tí ìkòkò rẹ̀ parí sí. A ti rìn jìnnà nínú oòrùn kí Adèle tó ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀." Mo bá a wá ọkọ̀.